Ìrìn Ẹyọ Kan

Bí àlejò bá wọ ìlú kan, tí ó sì fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè ka gbogbo wọn, kí ó wọn gbogbo wọn, kí ó da iye tí ó rí pọ̀, kí ó pín in dọ́gba, kí ó wá wí pé, "Báyìí ni ará ìlú yìí rí." Ó sì lè mú ẹnìkan ṣoṣo, kí ó máa tẹ̀lé e láti òwúrọ̀ di alẹ́, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí yóò fi mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé ni pé, nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ó mọ ìlú náà, èwo ni kò sì rẹ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jẹ? Ìbéèrè àtijọ́ ni, mo mọ̀. Ohun tí ó mú mi tún gbé e jáde ni pé mo rí ibi tí wọ́n ti ń dán an wò lójoojúmọ́, nínú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo.

Èdè ni iṣẹ́ mi ní yunifásítì, nítorí náà n kò ní fi ìṣirò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn èérún kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní nanoparticle. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní nanomítà. Èérún tí mo ń wí yìí kì í sábà fẹ̀ ju 100 nanomítà lọ. Irun orí wa, tí a rò pé ó tínrín, fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 800 rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ladoke Akintola, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef wà lára wọn, ti fi èèpo tí a bó kúrò lára obì, àti èèpo kòkó, àti òwú aláǹtakùn pàápàá, ṣe èérún fàdákà irú èyí. Ní 2016 ni iṣẹ́ ti òwú aláǹtakùn jáde. Ohun tí a ń dà sí ààtàn ní oko wa ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tí ó bá sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára COVID-19 ti Pfizer tàbí ti Moderna, inú èérún ọlọ́ràá tí ó kéré báyìí ni wọ́n di oògùn náà sí kí wọ́n tó gún un.

Kò sí ojú tí ó lè rí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Maikirosíkóòpù lásán pàápàá kò lè fi bí ara rẹ̀ ti rí hàn wá, nítorí pé ó kéré ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Báwo wá ni a ṣe ń tẹ̀lé e? Ẹni tí ó bá ti jókòó rí nínú ilé ìdáná ní Àkótógbò, ìlú mi ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ti rí ìdáhùn ìbéèrè yìí. Nígbà tí wọ́n bá to púpurú sókè iná kí èéfín lè gbẹ ẹ́, oòrùn a máa gba ojú ihò ìṣó lára páànù wọlé ní ìlà kan gbọọrọ. Nínú ìlà yẹn nìkan ni a ti ń rí èéfín àti eruku, tí wọ́n ń dán, tí wọ́n ń jó lọ tí wọ́n ń jó bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà a kì í rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ eruku wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ta lára eruku ni a ń rí, a kò rí ara eruku fúnra rẹ̀. (Afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń gbé eruku ilé ìdáná jó, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ń kọ́ físíìsì má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.) Ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ méjì ní Jámánì, Siedentopf àti Zsigmondy, lò ní nǹkan bí 1902 láti ṣe maikirosíkóòpù tí ó ń fi èérún hàn bí ìràwọ̀ lójú ọ̀run dúdú. Lóde òní iná lésà ni ó dípò oòrùn, kámẹ́rà ni ó dípò ojú. Kọ̀ǹpútà ń fún àmì ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì ń bá a lọ láti àwòrán dé àwòrán, ó ń kọ ibi tí ó dé sílẹ̀.

Ọkùnrin tí ó jẹ́ kí ayé fiyè sí ìrìn wọn ni Robert Brown, ọmọ ilẹ̀ Scotland, onímọ̀ nípa ewéko. Ní 1827 ó ń wo àwọn èérún tí ó jáde láti inú ìyẹ̀fun òdòdó kan nínú omi, ó sì rí i pé wọn kò dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ń mì, wọ́n ń yí, wọ́n ń ṣí kúrò níbì kan dé ibòmíràn láìsí ẹni tí ó tì wọ́n. Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀mí wà nínú wọn. Brown kò dúró níbẹ̀. Ó gún gíláàsì, ó gún òkúta, ó tilẹ̀ gún èkúfọ́ kan láti ara ère Sphinx ti ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì dà wọ́n sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ni ó ń mì. Òkúta tí ó wà láti ìgbà àwọn Fáráò ń jó bí ẹni tí a ń lùlù fún.

Ta ni onílù? Ìdáhùn kò fìdí múlẹ̀ títí di 1905, nígbà tí Albert Einstein fi ìṣirò hàn pé omi fúnra rẹ̀ ni. Marian Smoluchowski, ọmọ ilẹ̀ Poland, sọ ohun kan náà ní 1906. Omi tí a bù sínú àwo, tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ lójú wa, kò dákẹ́ rárá. Àwọn mólékù rẹ̀ ń sáré, wọ́n ń kọlu èérún náà níwájú àti lẹ́yìn, lókè àti nísàlẹ̀, ní iye ìgbà tí ẹnu kò lè kà. Bí ìkọlù ti ọ̀tún bá fi díẹ̀ ju ti òsì lọ, èérún yóò sún sí òsì. Kí ó tó dúró, òmíràn ti tì í padà.

Jean Perrin ní Paris ni ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà láti 1908. Ó sọ oje igi kan di èérún, tí ó tóbi ju èyí tí mo ń sọ lọ, ó sì ń sàmì sí ibi tí ẹyọ kan ṣoṣo wà ní gbogbo 30 ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà ó fi ìlà so àwọn àmì pọ̀. Àwòrán tí ó jáde dà bí ìgbà tí ọmọ tí kò tí ì mọ̀wé kọ bá fa bírò kiri lórí ìwé. Ẹ wo ọ̀mọ̀wé ńlá tí ó jókòó tí ó ń kọ ìtàn ìrìn àjò eruku! Ṣùgbọ́n nípa iṣẹ́ yìí ni ó fi hàn gbangba pé átọ́ọ̀mù wà ní tòótọ́. Wilhelm Ostwald, ògbólógbòó onímọ̀ kẹ́místrì ní Jámánì, tí ó ti ń bá àwọn tí ó gba átọ́ọ̀mù gbọ́ jiyàn láti ọdún púpọ̀, gbà ní nǹkan bí 1909. Ní 1926 Perrin gba ẹ̀bùn Nobel.

Ohun kan wà tí Perrin sọ nípa àwòrán rẹ̀ tí ó wọ̀ mí lára ju gbogbo ìyókù lọ. Ó kìlọ̀ pé àwọn ìlà tààrà inú rẹ̀ kì í ṣe ti èérún. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fà wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni ó ń sàmì, ìlà kan ṣoṣo nínú wọn ìbá yí padà di ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tí ó díjú bí àwòrán náà lódindi.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí àwọn ará ilé ń pè ní alárìnkiri. Ìgbà Kérésìmesì ni wọ́n máa ń rí i. Kérésìmesì kan, ó wá láti Òkìtìpupa, níbi tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Èyí tí ó tẹ̀lé e, láti Òrè ni, ó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó di awakọ̀ ní Bìní. Lẹ́yìn náà Èkó. Lẹ́yìn náà ó padà sí Àkótógbò, kò sì mú ohun kan bọ̀ ju báàgì kan lọ. Nígbà tí ìdílé ṣe ìpàdé lórí ìpín bàbá rẹ̀ nínú oko ọ̀pẹ, àwọn àgbà fa ìlà tiwọn láti àmì kan sí èkejì: ọmọ tí kò lè dúró sójú kan ni, bí a bá fi ilẹ̀ lé e lọ́wọ́, yóò tà á kí ó tó di ọdún kejì. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ ìpinnu sílẹ̀, nítorí pé èmi ni ọmọ yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí a wá sàmì ní oṣooṣù dípò ọdọọdún. Èmi lè ṣe é, nítorí èmi ni ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí lórí fóònù. Ọ̀gá tí ó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ní Òkìtìpupa kú, wọ́n sì ta gbogbo irinṣẹ́. Ní Òrè, wọ́n fẹ́ ọ̀nà, ìsọ̀ tí ó wà lẹ́bàá títì sì di wíwó. Ní Bìní, ẹni tí ó ni ọkọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè fún àbúrò ara rẹ̀. Ní Èkó ni ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀, ó ń tọ́jú owó, kí ìyá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó kó owó náà wálé, ó fi ra oògùn, ìyá sì dìde. Nínú gbogbo ìrìn wọ̀nyí, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ti inú ọkàn rẹ̀ wá, èyí tí ó fi wálé tọ́jú ìyá rẹ̀. Òun gan-an sì ni àwọn àgbà kà sí i lọ́rùn jù: ó ti Èkó dé pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Mo tọrọ àyè, mo sọ èyí fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà dá mi lóhùn jẹ́jẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo wa ni ayé ń kọlù. Kí ni ó dé tí àwọn yòókù dúró?"

Ìbéèrè àgbà ni, n kò sì fẹ́ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Èérún tí ó fẹ̀ tó 100 nanomítà nínú omi lè fi nǹkan bí ìlọ́po 30 ara rẹ̀ kúrò níbi tí ó wà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí eléré ìje tí ó lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan lọ ní ìlọ́po 30 gíga ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi èérún náà sílẹ̀ fún 100 ìṣẹ́jú àáyá, jíjìnnà rẹ̀ kì í di ìlọ́po 100 ti àkọ́kọ́. Ìlọ́po 10 péré ni, nítorí pé ohun tí ó ń rìn síwájú ni ó ń rìn padà. Láti la ife omi tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 kọjá, bí ohunkóhun kò bá ru omi náà, yóò gbà á ní nǹkan bí ọdún 32. Ọdún 32 lórí eré, láti etí ife kan dé èkejì! Ẹni tí ó bá rí i níbi tí ó wà yóò ní ọ̀lẹ ni.

Bí èérún bá tún ti kéré tó ni ìrìn rẹ̀ ń pọ̀ tó. Kì í ṣe pé a kì í kọlu àwọn ńlá. Ìkọlù ti èérún ńlá pọ̀ ju ti kékeré lọ, ṣùgbọ́n ó ń ti ìhà gbogbo wá lẹ́ẹ̀kan náà, ti ọ̀tún ń pa ti òsì rẹ́, ara rẹ̀ sì wúwo láti tì. Èyí ni ìdáhùn tí mo fún bàbá náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò dárúkọ èérún ní ìpàdé ẹbí. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ní ilé, ẹ ní oko, ẹ ní àna ní ìlú mẹ́ta, bí ọ̀kan bá yẹ̀, òmíràn á gbé yín ró. Òun kò ní ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ ní ẹ kò ní fún un ní ilẹ̀ nítorí pé kò dúró, bẹ́ẹ̀ ni àìnílẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó dúró." Wọ́n sún ìpinnu sí ọdún tí ń bọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn olùwádìí kò gbọdọ̀ gbàgbé. Èérún kan náà tí ń sáré nínú omi yóò máa wọ́ bí ìgbín nínú epo pupa, nítorí pé epo ki ju omi lọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ìrìn èérún mọ bí ó ti tóbi tó, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti ki tó àti bí ó ti gbóná tó. Ẹni tí kò bá wọn omi náà, tí ó ní òun ti mọ èérún, irọ́ ni ó ń pa. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa lẹ́nu àwọn tí kò wọn omi rí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń rò: ènìyàn kì í ṣe eruku. Bí mo bá sọ pé ayé ni ó ti gbogbo ẹsẹ̀ tí ènìyàn gbé, mo ti gba ìwà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti gba ẹ̀ṣẹ̀ àti ọlá rẹ̀ pọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì jẹ́ àtọwọ́dá ayé, owó oògùn tí ẹ̀gbọ́n mi san kì í ṣe oore mọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n títẹ̀lé ẹyọ kan ni ó ń jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí a ń tì àti ẹni tí ń lọ. Ní 2001, àwọn olùwádìí ní Munich ní Jámánì tẹ̀lé fáírọ́ọ̀sì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì alààyè. Wọ́n rí i tí ó ń fara kan ẹnu ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà bí àlejò tí ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, àwọn kan ń rìn gbéregbère, àwọn mìíràn sì ń lọ tààrà bí ẹni tí ó wọkọ̀. Ìṣirò ìrìn wọn ni ó fi hàn. Ẹni tí a ń tì, bí àkókò rẹ̀ bá di ìlọ́po mẹ́rin, jíjìnnà rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ń lọ, bí àkókò bá di ìlọ́po mẹ́rin, jíjìnnà rẹ̀ náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀ tí a pín in dọ́gba, a ó rí ìrìn kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀nà kejì, ti àwọn tí ń wo agbo lódindi. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé ìwádìí, nítorí pé ó yára. A tan iná sí gbogbo omi náà lẹ́ẹ̀kan, a wo bí ìmọ́lẹ̀ tí ó ta jáde ṣe ń gbọ̀n, a sì gba nọ́ńbà kan: èérún inú omi yìí fẹ̀ tó báyìí. Bí gbogbo wọn bá dọ́gba, nọ́ńbà náà pé. Bí ìdajì bá fẹ̀ ní 50 nanomítà ńkọ́, tí ìdajì fẹ̀ ní 150? Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 100, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹyọ kan nínú omi náà tí ó fẹ̀ ní 100. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohùn wọn kò dọ́gba. Èérún tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po 10 ju èkejì lọ, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ta fi nǹkan bí ìlọ́po 1,000,000 ju ti èkejì lọ. Èérún ńlá mélòó kan, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tí ó bọ́ sínú ìgò, lè bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún kéékèèké mọ́lẹ̀ pátápátá, kí nọ́ńbà tí a gbà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan. Àwa tí a ti lọ sí ìpàdé ìlú rí kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ èyí fún wa.

Iṣẹ́ tèmi náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ wà lára àwọn tí Abiodun Adetugbo, nínú ìwádìí tí ó ṣe fún Yunifásítì Columbia ní 1967, kó pọ̀ sí ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn. Ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń pè ní ọmọ, ọma ni ní ẹnu wa. Fáwẹ̀lì u lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú àjùmọ̀lò. Àjùmọ̀lò fúnra rẹ̀, tí iṣẹ́ Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rúndún 19 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, tí ó sì gbé ara lé ẹnu Ọ̀yọ́ jù, dà bí nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn: ohùn ẹni tí ó tàn jù ni a gbọ́. N kò kórìíra rẹ̀. Òun ni mo fi ń kọ àròkọ yìí, láìsí i ará Àkótógbò àti ará Ìsẹ́yìn kò lè jọ ka ìwé kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ gba ohùn ènìyàn mẹ́wàá sílẹ̀ ní Àkótógbò fún iṣẹ́ kan tí a yàn fún wa. Ìyá àgbàlagbà kan, tí ó ti lé ní 70 ọdún, jókòó níwájú fóònù mi, ó sì ń sọ ọmọ, ọmọ, ọmọ, bí oníròyìn orí rédíò. Ìgbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kan iná ni ó tó pariwo: ọma ni ó jáde. William Labov, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ìṣòro yìí ní 1972: a fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a kò wò ó, bẹ́ẹ̀ a kò lè mọ̀ láìwò ó. Àwọn tí ń tẹ̀lé èérún mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Iná lésà tí ó fi èérún hàn lè mú omi gbóná, kí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, kí a sì máa ka ìṣàn omi sí ìrìn èérún. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Texas wá rí eré èérún kan wọ̀n ní 2010, ohun tí Einstein rò ní 1907 pé ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣe, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi há a mọ́ ojú kan nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó rí i ṣe.

Labov náà gbà pé àwùjọ ni ó létò, pé bí a bá mú ẹnìkan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á rí rúdurùdu. Mo bọ̀wọ̀ fún un, òótọ́ sì wà níbẹ̀: ẹgbẹ̀rún èérún ń tẹ̀lé òfin dáadáa, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ẹyọ kan yóò yà sí ní ìṣísẹ̀ tí ó kàn. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé rúdurùdu ìyá yẹn kì í ṣe rúdurùdu lójú mi. Ó mọ ẹni tí ń gbọ́. Ó ń fún fóònù ní èdè tí ó yẹ fóònù, ó sì ń fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní èdè tí yóò tètè gbọ́ kí iná tó jó o. Ẹni tí ó bá da ọmọ àti ọma rẹ̀ pọ̀, tí ó pín wọn dọ́gba, yóò sọ pé ó ń sọ ọma ní ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún, yóò sì pé, ohun tí ìyá náà ń ṣe kò sì ní sí níbẹ̀ rárá.

Kí n má baà dà bí agbẹjọ́rò tí a fowó bẹ̀, títẹ̀lé ẹyọ kan ní ewu tirẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé èérún fún ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin péré, ìwọ̀n tí a ó rí yóò jìnnà sí òótọ́, nítorí pé orí ire tàbí orí burúkú lè tì í jù tàbí kí ó má tì í tó. Ó ń fẹ́ sùúrù, kámẹ́rà kì í sì í rí èérún pẹ́ kí ó tó rì kúrò nínú ìlà ìmọ́lẹ̀. Àwọn tí ó kéré jù kì í tàn rárá, a kì í kà wọ́n, a sì lè gbàgbé pé wọ́n wà. Àwọn olóṣèlú wa mọ èyí lò dáadáa: wọn yóò mú opó kan jáde lórí pèpéle, wọn yóò sọ ìtàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, wọn yóò sì sọ ọ́ di gbogbo opó. Ìyẹn kì í ṣe títẹ̀lé. Ìṣísẹ̀ kan ni wọ́n rí.

Nítorí náà, nígbà tí àkókò tó láti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, n kò ṣe táàbù kan ṣoṣo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ṣe. Mo kọ ẹnìkọ̀ọ̀kan sí ìwé tirẹ̀: bí ó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀, ẹni tí ó ń bá sọ ọ́, ibi tí fóònù wà, ìlú tí ó ti gbé rí, iye ọdún tí ó fi gbé ibẹ̀. Ìpíndọ́gba wà ní ìwé kọkànlá, nítorí pé wọ́n béèrè fún un. Olùkọ́ mi tú wọn wò, ó sì béèrè pé, "Èwo wá ni Ìkálẹ̀ nínú gbogbo èyí?" Mo yọ ìwé kọkànlá sí apá kan, mo sì ti àwọn mẹ́wàá yòókù síwájú rẹ̀.